Ìwé Alàwòrán Tí Mo Sá Bíi Kòkó

Mo rántí ìgbà tí mo tẹ́ ìwé ìtàn alàwòrán mẹ́wàá sórí ẹní kòkó bàbá mi ní Òdígbò, tí mo ń yí wọn padà lọ́sàn-án gangan bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ìjọba ológun ló wà lóde, ọ̀wọ́n sì gba ìlú. Wọ́n ti gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n bí n kò bá san owó ìwọlé kí oṣù tó parí, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti tà ni àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń fi ránṣẹ́ láti Èkó kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò ti mú kí wọ́n máa rùn. Èmi ọmọ àgbẹ̀ mọ̀ pé kòkó tí kò gbẹ kò lówó lórí, mo bá sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Pupa èèpo ẹ̀yìn wọn ṣá, wọ́n gan bí àkàrà àná, inú mi sì ń dùn. Ọgbọ́n mi pọ̀ nígbà yẹn!

Mo kó wọn lọ bá bàbá kan tó ń ta àlòkù ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Mo fi ẹyọ kan tí mo gbàgbé sísàlẹ̀ àpótí kún wọn. Bàbá náà kọ́kọ́ fọ ọwọ́, ó nù ún gbẹ, kó tó fọwọ́ kan ìwé. Ó ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín, ó wo irin tó dì í bóyá ó dípẹtà, ó ka ojú ìwé, ó gbóòórùn rẹ̀. N kò rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ìwé ọmọdé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni arìnrìn-àjò kan tó sọ̀kalẹ̀ ra búrẹ́dì ti rí wa. Ó ní ìwé àtijọ́ lòun ń kó jọ, ó sì dá iye tó ju owó ìwọlé mi lọ lé àwọn mẹ́wàá tó ti ṣá. Mo ti na ọwọ́.

Bàbá náà ní, “Ẹ dákun, ọ̀gá, wọn ò gbó o. Oòrùn ni wọ́n sá wọn sí. Ẹ wo inú èèpo ẹ̀yìn wọn, ó ṣì pọ́n.” Ó wá mú ẹyọ kan yẹn. “Èyí ni kẹ́ ẹ rà. Àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ ni, ojú ìwé rẹ̀ sì pé.”

Ọkùnrin náà ra ẹyọ kan. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí mò ń wá. Mo bú sẹ́kún.

“Bàbá, ẹ ti bayé mi jẹ́!”

“Ọmọ mi, má bínú. Mi ò lè wò ó níran.”

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ojú mi rí i lọ́jọ́ náà. Àyè mi bọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń gba ibòmíràn kọjá kí n má baà kí i. Nígbà tí ìbínú rọ̀, mo lọ jókòó tì í, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń mọ iyì ìwé, títí kòkó bàbá mi fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́dún kejì.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n pàdé, n kò rí irú bàbá yẹn mọ́. Òótọ́ rẹ̀ gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá ní kí n gba ọdún náà padà lónìí, kí n má sì mọ̀ ọ́n rárá, n kò ní gbà.