Bàbá Ẹni Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin Ọdún Lójú Fèrèsé Bọ́ọ̀sì Wa

Bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi rà, ṣùgbọ́n ó ní ilé ni òun rà. Mẹkáníìkì ni ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ta àwọn bọ́ọ̀sì tó ti gbó ní gbàǹjo, ó lọ ra ọ̀kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé ní Ẹgbẹ́dá nígbà náà, onílé sì ti ní ká kó jáde, nítorí àbúrò òun ń bọ̀ láti Ìlọrin. A ní ilẹ̀ kékeré kan ní Ìgàndò, kò tíì sí ohun kankan lórí ẹ̀ ju ẹ̀pà tí mo gbìn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì náà lọ, wọ́n gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù létí ọ̀nà. Ọkọ mi yọ àga inú rẹ̀ kúrò, ó kan bẹ́ẹ̀dì mọ́ ẹ̀yìn, ó gbé sítóòfù mi sí ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó wá nàró ṣánṣán sáàárín ọkọ̀.

"Wò ó," ó ní, "ilé tó ní fèrèsé mẹ́rìndínlógún. Ta ló ní irú ẹ̀ ní gbogbo Ìgàndò?"

Àwọn fèrèsé yẹn gan-an ló kó bá wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo ṣì ń wá ìró mi káàkiri nígbà tí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kí mi láti ìta: "Ẹ káàárọ̀ o! Ìró yín wà lábẹ́ ìrọ̀rí!"

Mo wo abẹ́ ìrọ̀rí. Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò lè gbé inú gíláàsì bí ẹja, a gbọ́dọ̀ ní kọ́tìnnì. Mo lọ sí Ìkòtún. Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ bi mí pé fèrèsé mélòó ni. Nígbà tí mo ní mẹ́rìndínlógún, ó dìde, ó nu àga fún mi, ó bi mí bóyá hòtẹ́ẹ̀lì là ń kọ́. Ìgbà tó dárúkọ iye tó máa jẹ́, èmi náà dìde kúrò lórí àga, mo kí i pé ó dàárọ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni.

Ọkọ mi ní kò sí wàhálà. Ó kó ìwé ìròyìn àtijọ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo po sítáàṣì, a fi lẹ ìwé náà mọ́ gbogbo gíláàsì. Ó ṣókùnkùn dáadáa, mo dúpẹ́. Ohun tí a kò rò ni pé ìta ni ojú ìwé náà kọ sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọkùnrin mẹ́ta ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa, wọ́n ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ti di méje, ọ̀kan sì gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì, abọ́ mi ń mì lórí pẹpẹ. Nígbà tó yá, bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, wọ́n ní ìyókù wà ní ojú ewé kẹtàlá. Fèrèsé wo ni ojú ewé kẹtàlá wà?"

Mo ní, "Òkè bẹ́ẹ̀dì wa ni, sà. Òdìkejì rẹ̀ ló kọjú síta."

"Háà. Ṣé ẹ lè bá mi kà á sókè ṣá?"

Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì, mo kà á fún un. Kí ni n bá ṣe? Àgbà ni, kò sì dáa kí èèyàn kú láìmọ bí bọ́ọ̀lù ṣe parí.

Aáyán ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Wọ́n gbọ́ òórùn sítáàṣì, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ìwé mọ́ ọn. Ọkọ mi wá gba Ṣáṣá lọ, ó ra àpò òfìfo ní ọjà oúnjẹ, ó ní aṣọ àpò ni àwọn ọlọ́gbọ́n ń lò. Kò bèèrè ohun tó ti wà nínú wọn. Ata gbígbẹ ni. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ díẹ̀, gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, sín títí eyín rẹ̀ kan tó ti ń mì fi já bọ́ sínú gààrí. Bàbá rẹ̀ sín, ó forí gbá irin àjà, síbẹ̀ ó ní kò sí ohun tó ṣe àpò náà, pé ara wa á mọ́ ọn. Mo ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí èkejì sín.

Ni mo bá tún padà sí Ìkòtún. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà lápá ẹ̀yìn ọjà, aṣọ tó ní àbùkù ló ń tà. Ó rí mi lókèèrè.

"Ìyá oníbọ́ọ̀sì!"

Mo mọ̀ pé òkìkí mi ti kàn. Ó tẹ̀ ba, ó fa ànkárá búlúù kan jáde láti ìsàlẹ̀ òkìtì aṣọ. Àwòrán ojú bàbá kan tó dé fìlà ló kún inú rẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan tóbi tó orí èèyàn gidi. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: BÀBÁ PÉ ẸNI ỌDÚN 700, Ẹ BÁ WA DÚPẸ́.

"Ẹni ọdún mélòó?" mo bèèrè.

"Àádọ́rin ni. Ẹni tó tẹ aṣọ ló fi òdo kan ṣe èènì fún wọn. Ni àwọn ọmọ bàbá bá ní àwọn ò gbà á."

"Ẹyinjú ẹ̀ kan ń wò mí, èkejì ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi."

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀," ó ní. "Ẹ wo aṣọ jàre, ẹ má wo bàbá."

Aṣọ náà nípọn, kò ní ṣá, ó sì tó fèrèsé mẹ́rìndínlógún. Owó tí ó gbà kò ju ohun tí ọ̀gá ọjọ́sí fẹ́ gbà lórí fèrèsé méjì lọ. Mo rà á. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ aláfọwọ́yí mi kalẹ̀, mo wọ̀n ọ́n dáadáa kí ojú kan lè wà láàárín fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí bó ṣe gún régé. Ẹyọ kan péré ni mo rán lódìlódì, tí orí bàbá wà nísàlẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò tú u. Mo fi í kọ́ fèrèsé ẹ̀yìn tó wà nítòsí ṣálángá, mo ní ta ni yóò wò ó níbẹ̀?

Nígbà tí ọkọ mi ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó dúró sójú títì, kò wọlé.

"Àlejò ta ni gbogbo wọn?" ó pariwo.

Ìgbà yẹn ni mo tó jáde lọ wò ó láti ọ̀nà. Àwọn bàbá àgbà mẹ́jọ ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bọ́ọ̀sì wa, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń dúró kí ọkọ̀ gbéra.

Ọ̀sán Sátidé kan, mò ń ro ẹ̀bà níbi ìjókòó dírẹ́bà nígbà tí obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìkòtún," ó ní.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ káàsán. Dírẹ́bà dà?"

Ọmọ mi dá a lóhùn pé, "Wọ́n wà ní ṣálángá."

"Kò burú. A ó dúró dè é." Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì wa, ó wò yí ká. "Àwọn bàbá tí mo rí lójú fèrèsé ńkọ́?"

Ọkọ mi wọlé, ó ń di bẹ́líìtì rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, dírẹ́bà," obìnrin náà ní. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, tòmátò mi ń rọ̀."

"Mà, ọkọ̀ yìí kì í lọ."

"Kí ló dé tí kì í lọ? Ṣebí ó ti kún!"

"Ilé wa ni, mà."

Mo fa kọ́tìnnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi bàbá hàn án. Obìnrin náà wo bàbá, ó wo ìkòkò mi, ó wo bẹ́ẹ̀dì tó jókòó lé, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rọ̀ mọ́ irin tí èrò máa ń dì mú kó má baà ṣubú. Ó bá wa jẹ ẹ̀bà, ó fún wa ní tòmátò, ó sì gbé ìròyìn wa lọ sí Ìkòtún. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń ké pé, "Ìkòtún! Ìkòtún! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Bí mo ṣe nà án tó, kò jáwọ́. Èèyàn méjì míì ló wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá náà fúnra rẹ̀ dé. Mò ń sá aṣọ, mo gbójú sókè, mo rí ojú tí mo ti ń rí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ní ara, ó ní ẹsẹ̀, ó sì mú agbòjò dání. Ibì kan náà ni ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì ń wò. Èmi ni wọ́n ń wò. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ó yí bọ́ọ̀sì ká, ó ń fi agbòjò ka ara rẹ̀: "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta." Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ó dá kíkà dúró.

"Wá níbí!" ó ké. "Kí ni mo ṣe fún ẹ tí o fi dorí mi kodò?"

"Ẹ má bínú, sà. Iṣẹ́ ló sú mi."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣálángá!"

"Atẹ́gùn kì í fẹ́ gba apá ibẹ̀, sà."

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wa, mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ń sunkún ni. Ẹ̀rín ló ń rín, ó ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

"Ọ̀gá ilé-ìwé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì," bàbá ní. "Mo ní ilé ní Bàrúwà. Ta ló ní kí n wá máa gbé Ìgàndò? Wọ́n ń sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn rí mi nínú ọkọ̀, àwọn kí mi, mi ò dáhùn!"

"Bàbá," ìyàwó rẹ̀ ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n lọ da aṣọ yẹn nù? Wọn ò dà yín nù, wọ́n fi yín ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ rọra bínú jàre."

Mo fẹ́ràn obìnrin náà lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ mi jáde nígbà náà. Ó wo fèrèsé, ó wo bàbá, ó tún wo fèrèsé. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ ni?"

Ojú bàbá rọ̀ díẹ̀. "Ìwọ náà máa ń kí mi?"

"Láràárọ̀. Ẹ kì í dáhùn. Ṣé lóòótọ́ lẹ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún?"

"Àádọ́rin! Àádọ́rin ni!"

"Háà," ọmọ mi ní, ojú rẹ̀ sì fà ro.

Ìyàwó bàbá ló parí ìjà náà. Ó ní àwọn ní kọ́tìnnì pálọ̀ tí àwọn ò lò mọ́, aláwọ̀ ewé, ká gbà á, kí bàbá gba ara rẹ̀ padà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tú wọn sílẹ̀, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ká aṣọ ọmọ tuntun. Ìyàwó rẹ̀ ní òun máa fi ọ̀kan kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná òun, kí ewúrẹ́ má baà wọlé mọ́. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ọmọ mi bú sẹ́kún. Bàbá dúró. Ó yọ bírò pupa láti inú àpò rẹ̀, ó fa ìlà gba orí òdo kejì kọjá, ó máàkì í bí iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé, ó sì fi aṣọ náà sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé dé. Ó gùn ju fèrèsé lọ, mo gé e, mo fi àjákù rẹ̀ rán ìrọ̀rí. Ẹnikẹ́ni kò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa mọ́. Èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè Ìkòtún. Mo ti gba ohun tí mo ń wá láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọ̀sán máa ń gùn jù fún mi nígbà míì, èmi fúnra mi á sì fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí ẹni tí mo máa kí.

Ó tó bí ọdún méjì kí a tó kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀ náà. Fèrèsé mẹ́rin péré ni mo gbà kí ọkọ mi fi sí i. Aládùúgbò kan ra bọ́ọ̀sì náà, ó sọ ọ́ di ilé adìyẹ. Mo bi í pé kí ló máa fi dí ojú fèrèsé mẹ́rìndínlógún. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó ní adìyẹ kì í bèèrè kọ́tìnnì.