Ọkọ̀ Kékeré Tó Rìn Láìní Bátìrì

Ọdún mọ́kànlélógún gbáko ni Ìyá Onítírélà fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ní tọ̀tún ti lọ ná, tòsì náà sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Bí wọ́n ṣe gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tí àwọn ọkùnrin máa ń yà fún lójú títì wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu fèrèsé, tó ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tó ń pòṣé pé, "Ìyẹn ò mọ jíà í yí rárá."

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló jọ ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́kọ́ rí i pé àbúrò òun ti ń kó pàǹtí wọlé. Agolo bisikíìtì ló fi ṣe ara ọkọ̀ náà. Àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tó ti já ló gé roboto fún táyà. Inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló ti tú ẹ́ńjìnnì tíńtín tó ń yí i. Rìmóòtù, bátìrì àti pátákó tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nìkan ló fowó rà. Ojú kan ò sì tó iṣẹ́ ẹ ṣe, ìka ló fi ń ríran: á fọwọ́ pa wáyà wò, irin gbígbóná á jó o, á ki ìka bọnu, á tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló gbà á. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ yà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láì fara kan ògiri, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ojoojúmọ́ ló wá ń wà á lọ́sàn-án. Bàbá Olùkọ́, arúgbó tó ń dá gbé nísàlẹ̀ wọn, á máa fi igi gún àjà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kò, kò, kò.

"Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ̀ ń ṣeré ọmọdé, ẹ jẹ́ n sinmi!"

"Bàbá, ẹ yà lọ́nà fún wa!" ni Ìyá á fi dá a lóhùn. Ìjà wọn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó pa rìmóòtù, ó lọ mu omi. Ìgbà tó padà, ọkọ̀ ti kúrò níbi tó gbé e sí. Ó wà lórí àtẹ̀gùn, ó kọjú sísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ gbé e síbí?"

"Èmi tí mo wà ní balùwẹ̀? Ojú rẹ ló tún ń ṣe ọ́ yẹn."

Ó gbé e padà. Kò tíì jókòó tán tó fi gbọ́ ọ, ìíìn, bí ẹ̀fọn ńlá. Orí àtẹ̀gùn yẹn náà ló tún ti bá a. Ó gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì títì.

"Ìyá, ẹlòmíì ló ní irú rìmóòtù yín ládùúgbò," ọkùnrin náà ní. "Bó bá ti tẹ tiẹ̀, tiyín á jẹ́ ẹ. Ẹ yọ bátìrì inú ọkọ̀ yìí, á sinmi."

Ìyá yọ bátìrì, ó fi í sápò. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń ká aṣọ. Ìyá kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń hó. Àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè lójijì. Ọkọ̀ náà ń bọ̀ láti abẹ́ tábìlì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ó gba ìdí àga kọjá, ó yà lẹ́nu ọ̀nà bí ọ̀gá awakọ̀, ó jáde. Kò sẹ́ni tó lè mira nínú wọn. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì, gbà, gbà, gbà, títí tó fi dákẹ́.

Ìyá ki ọwọ́ bọ àpò. Bátìrì wà níbẹ̀.

"Àbúrò mi," ẹ̀gbọ́n ní, "ìgbà wo lo gbọ́ igi Bàbá Olùkọ́ kẹ́yìn?"

Ọjọ́ Ajé ni.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ náà ti forí ti ilẹ̀kùn Bàbá, táyà rẹ̀ ṣì ń yí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n pè títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lójú ilẹ̀kùn láti inú. Èjìká ni Ìyá fi já a. Nílẹ̀ kíṣìnì ni wọ́n ti bá Bàbá, apá kan ara rẹ̀ ti rọ, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì ń mí.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá ní ilé ìwòsàn kí ahọ́n rẹ̀ tó tú. "Ẹ ṣeun tí ẹ rán ọkọ̀ yín sí mi," ó ní. "Bó ṣe ń yí mi ká láti àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni kò jẹ́ kí n sùn lọ. Ó tiẹ̀ gun irùngbọ̀n mi nígbà kan, ó dùn mí wọra."

"Nínú ilé yín, Bàbá?"

"Nínú kíṣìnì mà ni. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ wà á?"

Ìyá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Èmi ni, Bàbá," Ìyá ní.

Bó ṣe délé, ó tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Bó ṣe so wáyà gan-an ló ṣe bá a. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kan nǹkan lára irin táyà. Ó gbé e súnmọ́ ojú òsì: irun funfun mẹ́ta, gígùn, ó wé mọ́ irin náà pinpin. Fífá lorí tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń kun tirẹ̀ dúdú. Ó rọra tú u, kò sọ fẹ́nì kankan.

Ọmọbìnrin Bàbá wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Tí Bàbá bá pè lórí fóònù, bí ẹni ń béèrè ọmọ ló ṣe máa ń béèrè ọkọ̀ náà. Ìyá á ní àlàáfíà ló wà. Ó ti kan ọkọ̀ òmíì báyìí, èyí tó níná níwájú. Ibi tó bá rán èyí nìkan ló ń lọ.