A gbà, àmọ́ a ò tẹ̀ ẹ́

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n yan olórí lé wa lórí lónìí.

Àjọ tó ń bójú tó búlọ́kìṣéènì wa, ìwé àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń lò, ní kí ẹgbẹ́ tiwa ní Atakpamé dìbò yan olórí lórí fóònù kó tó di ọ̀sán, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn á yàn fún wa. Mo wò ó láàárọ̀: ìbò tèmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo pe Tàńtí Afí, àgbà ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ní Anié nítòsí.

"Tàńtí, ẹ ò tíì dìbò?"

"Ìbò wo tún ni? A ti dárúkọ Yáwà nípàdé. Ta ló ta kò ó?"

"Kò sí. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà."

Ló bá pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn tẹ ìbò wọn kó tó di ọ̀sán. Àjọ fèsì: "Yáwà tí ẹ yàn náà ni."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹgbẹ́ tiyín ńkọ́, ṣé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́?