Ilé Ìdáná Ni Mo Kọ́kọ́ Kọ́

Eré ìtura ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tó kàn mí láti ṣe é, àyà mi ń já níwájú kọ̀mpútà Màmá.

Màmá ló ni ilé àlejò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa, ní àwọn ọdún tó kángun sí ọdún 2000. Mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń fọ ilẹ̀, mo sì ń gbàlejò. Fẹ́mi ọmọ wọn ló gbé kọ̀mpútà náà wá láti Èkó, pẹ̀lú eré kan nínú rẹ̀. Erékùṣù kan ni wọ́n á fún ọ láàárín òkun. Ọkọ̀ ojú omi á máa kó àwọn olùgbafẹ́ wá, ìwọ á sì máa kọ́lé fún wọn. Bí inú àlejò bá dùn, ojú tó ń rẹ́rìn-ín á yọ lókè orí rẹ̀. Bí inú bá bí i, ojú náà á pupa, àlejò á sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Màmá fẹ́ràn eré yìí ju ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó lọ bá ọmọ wọn obìnrin n'Íbàdàn, wọ́n pe èmi àti Bọ́dé tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó kàwé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì.

"Ẹni tí erékùṣù rẹ̀ bá dára jù ni n ó fún ní kọ́kọ́rọ́ ulé yìí."

Mo rò pé àwàdà ni. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ Bọ́dé ti ń sọ ọ́ kiri pé bí òun bá di máníjà, àwọn èèyàn tuntun lòun máa gbà síṣẹ́. Opó ni mí, ọmọ mẹ́ta ló sì ń jẹun lọ́wọ́ mi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Ọkọ̀ gúnlẹ̀, àwọn àlejò kéékèèké ń bọ̀ lórí iyanrìn. Lọ́dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, a kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá kó tó fi nǹkan sẹ́nu. Ni mo bá fi gbogbo owó tí wọ́n fún mi kọ́ ilé ìdáná. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, ojú ẹ̀rín yọ lórí wọn. Inú mi dùn. Àfi bí ilẹ̀ ṣe ṣú lórí erékùṣù.

"Àǹtí, ibo ni wọ́n ó sùn?" Bọ́dé bi mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ní kí wọ́n jẹun ná."

"Wọ́n ti jẹun o. Wọ́n ti ń lọ."

Ojú wọn pupa lọ́kọ̀ọ̀kan, erékùṣù ṣófo. Mo mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín mi lẹ́nu.

Bọ́dé jókòó. Ó kọ́ ibi ìgbàlejò, ó to yàrá kọjú sí òkun, àlejò sì ń wọ́ tìrítìrí. Màmá ń pàtẹ́wọ́. Èmi ti ń ro ohun tí n ó sọ fún àwọn ọmọ mi nílé.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí nìyẹn. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tó pọn ọmọ wọlé, eruku bò wọ́n. Mọ́tò wọn ti bàjẹ́ lọ́nà Òde-Ayé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀," Bọ́dé wí, kò gbójú sókè. "Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀ ni."

Mo dìde. Mo gbé omi fún wọn, mo sì bu púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, àti ọbẹ̀ marúgbó tí mo sè fún ara mi. N kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ gba yàrá. Obìnrin náà jẹun tán kó tó rántí pé òun kò tíì kí wa.

Nígbà tí mo yíjú padà, Màmá ti kẹ̀yìn sí kọ̀mpútà.

"Bọ́dé, àlejò rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n kún fọ́fọ́, Mà!"

"Àwọn tó wà nínú ulé yìí ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni Bọ́dé tó gbójú sókè. Màmá tú ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ jáde, wọ́n nà án sí mi.

"Ìyá Tọ́pẹ́, ọma mi, gha gbà á. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, máa rántí yàrá o."

N kò lé Bọ́dé lọ. Òun ni mo fi ṣe igbákejì mi, nítorí ó mọ yàrá í tò. Àmọ́ ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò kúrò lára mi. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí mọ́tò bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, mà á kọ́kọ́ wo òkè orí àlejò bóyá ojú pupa wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi bi mí ohun tí mo máa ń wò níbẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ojú wọn gan-an ni kó máa wò, kó sì tètè gbé omi.