Ọwọ́ Dìran

Ẹ yéé pè mí ní ọ̀gá básíkẹ́ẹ̀tì Sabon Gari ní Kano; inú máa ń bí mi tí mo bá ti gbọ́ ọ. Dìran Ọláyọdé lẹ ò mọ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, káfíńtà ni ní Fagge. Tí a bá kí i ní Yorùbá, Hausa ni yóò fi dáni lóhùn.

Dìran kì í ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi ara dí àwọn géńdé lọ́nà, kó já bọ́ọ̀lù gbà, kó jù ú sí mi. Èmi á jù ú wọlé, wọ́n á sì máa pariwo orúkọ mi.

Lọ́dún 1979, a gba ife-ẹ̀yẹ. Ibi tí Dìran ti ń já bọ́ọ̀lù ìkẹyìn gbà fún mi ni géńdé kan ti ṣubú lù ú, tí ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń di ayùn mú fi kán.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní, "Ọwọ́ wọ̀nyí ni Ọlọ́run lò!" Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Dìran wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì. Kò lè pàtẹ́wọ́, ló bá ń fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ǹṣì fún mi.

Nígbà tí a jáde, ó kí mi kú iṣẹ́ ní Hausa: "Sannu da ƙoƙari."

Mo fi Hausa jẹ́ ẹ, mo ní, "Yauwa," bí ẹni tí ìkíni náà tọ́ sí.