Láfún Màmá Lórí Òṣùwọ̀n

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní Ìlaró, mi ò sì fẹ́ràn kí èèyàn máa fojú wọn nǹkan. Ẹni tó bá fojú wọn ilẹ̀kùn ni yóò padà máa wá pákó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òjò á sì tún máa gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, nígbà tí dókítà sọ pé oúnjẹ ìyá mi ti di ohun tí a ní láti máa wọ̀n, ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo rò ó pé ó tó àsìkò kí ẹnì kan mú ètò wọ inú ilé ìdáná.

Ṣúgà ló ń da Màmá láàmú. Mo lọ mú wọn láti Ọjà-Ọ̀dàn wá sílé mi, torí wọ́n ń dá gbé níbẹ̀, ẹni tó bá sì kọjá ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Dókítà fara balẹ̀ là á yé mi. Oògùn tí wọ́n ń lò àti oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, ṣúgà á ga, á máa ba ojú àti ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Bí ó bá sì kéré jù, oògùn yẹn náà lè fa ṣúgà wọn wálẹ̀, kí wọ́n ṣubú, kí wọ́n má sì dìde mọ́. Ó sọ iye kálórì tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa jẹ lójúmọ́. Ìyàwó mi ì bá bójú tó o, ṣùgbọ́n ó ti lọ bá ọmọ wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe di alásè nìyẹn.

Mo ra òṣùwọ̀n kékeré kan, pẹlẹbẹ, tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ọ̀nà Kùtọnu ló gbà wọlé, nítorí náà Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá, èmi ò sì gbọ́ ju bọ́ńjúù lọ. Mo fúnra mi wádìí rẹ̀. Bí a bá gbé ìkòkò lé e, tí a tẹ bọ́tìnnì kan, á ṣe bí ẹni pé ìkòkò ò sí níbẹ̀, ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ nìkan ni yóò kà. Mo fẹ́ràn bọ́tìnnì yẹn gan-an. Ètò ìṣírò oúnjẹ tí mo fi sórí fóònù ló fún mi ní wàhálà. Ó mọ oríṣiríṣi búrẹ́dì tí mi ò rí rí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ orúkọ láfún rí láyé rẹ̀. Mo bá fi í sábẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ro láfún tán kí n tó wọ̀n ọ́n, iye tó gbé jáde sì tó bọ́ alágbàṣe mẹ́ta. Omi ni mo ń wọ̀n. Láti ìgbà náà, ẹlùbọ́ gbígbẹ ni mo máa ń wọ̀n. Ìgò epo pupa, mo máa ń gbé e lé òṣùwọ̀n kí n tó dà á, mo tún máa ń gbé e lé e lẹ́yìn tí mo bá dà á tán. Ohun tó bá dín ló wọnú ọbẹ̀. Mo máa ń yọ egungun ẹja kúrò. Màmá á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa wò mí.

“Ṣé o fẹ́ tà á ni?”

“Rárá, Màmá. Nítorí ìlera yín ni.”

“Ọmọ mi, nígbà tí mo bí ọ, ìwọ ni wọ́n wọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò wọn ọmú.”

Àmọ́ wọn ò bá mi jà. Ohun tí mo bá gbé síwájú wọn ni wọ́n ń jẹ, màá sì tẹ iye rẹ̀ sórí fóònù. Tí mo bá padà wá kó àwo, màá bá èyí tí wọ́n ṣẹ́ kù fún mi: láfún díẹ̀, ibi tó dára jù lára ẹja, ọbẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á ti fi àwo mìíràn dé e. Bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré mi nìyẹn. Lójú tiwọn, ìyá tó bá jẹun tí kò ṣẹ́ kù fún ọmọ ti hùwà ọ̀kánjúwà. Irun orí mi ti ń funfun, síbẹ̀ màá dúró sí ilé ìdáná, màá jẹ ẹ́ kí n tó fọ àwo. Kò wá sí mi lọ́kàn pé oúnjẹ ni. Èyí tí mo wọ̀n ni oúnjẹ. Ìfẹ́ ni ìyókù, ìfẹ́ ò sì sí nínú ètò orí fóònù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń wá bu tèmi.

Ní àkókò yẹn náà ni ṣòkòtò iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Mo ní ọṣẹ tí mo fi ń fọ̀ ọ́ ni kò dáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Màmá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo kí wọn, wọ́n fi orúkọ bàbá mi tó ti kú dá mi lóhùn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo po ṣúgà mọ́ omi, mo ń fún wọn mu díẹ̀díẹ̀ bí dókítà ṣe kọ́ mi, títí ojú wọn fi wálẹ̀. Kẹ̀kẹ́ márúwá ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn.

“Ṣé Màmá jẹun lánàá?” dókítà bi mí.

Mo na fóònù sí i. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, títí dé orí epo. Ó wò ó, ó ní mo ṣiṣẹ́ gidi.

“Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ tán?”

“Dókítà, ìyá mi nìyí. Báwo ni wọ́n ṣe máa jẹ ẹ́ tán?”

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Dókítà bi mí pé ta ló wá ń jẹ èyí tó kù. Màmá dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì kí n tó lanu.

“Òun ni. Ó fẹ́ràn rẹ̀.”

Dókítà wo ikùn mi, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n gun òṣùwọ̀n. Orí rẹ̀ la ti rí ẹja Màmá. Ó ní kí èmi náà dín oúnjẹ kù.

Ojú tì mí títí mo fi délé. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ wọn tán, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì ṣẹ́ kù. Mo fi ìwọ̀n èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ kù kún oúnjẹ wọn. Wọ́n ní ó pọ̀ lónìí, wọ́n ṣẹ́ ìlọ́po méjì kù. Mo kọ̀ láti jẹ ẹ́, àwọn náà ò bá fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́. Inú bí mi. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè wọ̀n mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọn tiwọn, mo wọn tèmi, tèmi sì kéré nítorí àṣẹ dókítà. Mo gbé àga, mo jókòó sí iwájú wọn, mo jẹun. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọwọ́ pa ikùn, mo ti àwo mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ebi ṣì ń pa mí. Màmá ti dáwọ́ dúró, ojú wọn ti ń wá àwo tí wọ́n máa fi dé ẹja.

“Ṣé o yó?”

“Mo yó, Màmá. Kò sáyè níkùn mi mọ́.”

Wọ́n wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ti pa irú irọ́ yẹn fún ọmọ rí. Wọ́n wá fa àwo mọ́ra, wọ́n jẹ láfún, wọ́n jẹ ẹja, wọ́n fi ìka nu ọbẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ìdí àwo ìyá mi.