Ẹni Kejì Wà Nínú Yàrá

"Kí n dákẹ́ kẹ̀! Dádì, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu yín ṣá? Ẹ̀gbọ́n yín wọlé, wọ́n kí mi, ẹ wá ní kí n dijú kí n ṣe bí ẹni tó ti kú?"

Oníṣẹ́ iná ni Dádì yìí, ọkọ rẹ̀. Ó ti fẹ́ obìnrin yìí pẹ́, ó sì mọ̀ pé bí iná bá ń ta lára wáyà, èèyàn kì í fọwọ́ kàn án, ńṣe ni wọ́n ń lọ pa á níbi tó ti ń wá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa ti ìyàwó ẹ̀.

Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Alágbàfọ̀ ni, yàrá iwájú ilé tí bàbá ọkọ rẹ̀ kọ́ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bó o bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan wá fọ̀, wàá gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà àti ìròyìn odindi àdúgbò lọ. Kò jókòó pẹ́ níléèwé. Ìwé ló já a sílẹ̀ ní girama, àbí òun ló já ìwé sílẹ̀, ọwọ́ ẹni tó bá ń sọ ọ́ ló wà. Àmọ́ kò sí bébà tí oníbàárà fi wé aṣọ wá tí kì í kà tán kó tó tú aṣọ inú ẹ̀.

Òun ló rí i lórí fóònù fúnra ẹ̀ pé yunifásítì kan ń kọ́ni ní ìtàn ẹkùn ilẹ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan. Jókòó sílé ẹ, wo fídíò, ṣe ìdánwò. Bó o bá yege, wọ́n á gbà ọ́ wọlé fún dígírì gidi. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún obìnrin tí kò níwèé ẹ̀rí nìyẹn, kò sì sí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Rédíò kó sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí gíláàsì ojú ẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò ló ń kọ́ wọn. Rédíò á gbé fóònù ti ike sítáàṣì, á máa lọ aṣọ, á máa bá ọkùnrin náà jiyàn.

"Ìtàn ẹkùn yìí bẹ̀rẹ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n á wí, "nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí èbúté..."

Rédíò á tẹ̀ ẹ́ dúró. Ẹnu Ọ̀jọ̀gbọ́n á là sílẹ̀ bíi ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi.

"Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà wo? Ẹni tó dúró létí omi tó ń wo ọkọ̀ yẹn bó ṣe ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé oorun ló ń sùn látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé ni?"

Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Á tún tẹ̀ ẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n á máa bá tiẹ̀ lọ bí ẹni tí wọn ò bú.

Kì í kúkú ṣe pé ó máa ń jàre. Ó gbé e kaná lọ́jọ́ kan pé ọba tó ta èbúté náà àti ọba tó gbà á padà, ẹnì kan náà ni wọ́n. Bàbá àti ọmọ ni. Òdo ni wọ́n fún un lórí ìbéèrè yẹn nínú ìdánwò kékeré. Ó ní ẹ̀bi òun kọ́, ẹ̀bi ẹni tó sọ bàbá àti ọmọ lórúkọ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ó padà kà á. Ó kà á títí áyọ́ọ̀nù fi jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà kan di dúdú.

Ìdánwò ńlá wá dé. Òfin wọn rèé: ìwọ nìkan ni kó o wà nínú yàrá, kámẹ́rà fóònù á máa wò ọ́, o ò gbọdọ̀ wo ẹ̀gbẹ́, o ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ ẹ̀ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ máa ṣe ìdánwò yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Rédíò ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án Sátidé, ó lé ọkọ àtọmọ jáde, ó jókòó sí yàrá inú láàárín àwọn aṣọ tó fi háńgà kọ́. Ìdánwò náà ń lọ geere. Ohun tí kò rántí ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bàbá Dẹ́rẹ́bà, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀, gba ibẹ̀ wọlé wá mú ṣòkòtò. Ọkọ̀ akẹ́rù tó fi gbogbo ayé ẹ̀ wà ti jẹ etí ẹ̀ kù ìlàjì. Kì í kanlẹ̀kùn. Ta ló ń kanlẹ̀kùn nílé bàbá ẹ̀?

"Ìyàwó wa, kú iṣẹ́ o."

Rédíò di ẹnu pa, ó tẹjú mọ́ fóònù.

"Ìyàwó! Mo ní kú iṣẹ́ o!"

Ìbéèrè ń bẹ níwájú, àgbà ń bẹ lẹ́yìn. Kí ìyàwó ilé má dá ẹ̀gbọ́n ọkọ lóhùn! Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti pe ìpàdé ẹbí, wọ́n á ní ìwé ti gun orí ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà." Igun ẹnu ló fi sọ ọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ẹ káàbọ̀, sà!"

"Ehn-ehn. Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n jáde, sà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdánwò ni mò ń..."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn léjìká. Ó rí ojú ara ẹ̀ nínú fóònù, ó ṣe bí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun ni ìyàwó àwọn ń bá sọ̀rọ̀. Inú ẹ̀ dùn. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń ju ìka máràárùn.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ibẹ̀! Ṣé dáadáa lẹ wà? Òtútù ò pa yín?"

Ó dúró, ó dúró. Ẹnikẹ́ni ò jẹ́ ẹ.

"Àwọn wo tiẹ̀ lèyí, ìyàwó? A kí wọn, wọn ò jẹ́ni. Wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ rárá." Ó mú ṣòkòtò ẹ̀ lórí háńgà, ó bá tiẹ̀ lọ.

Èsì jáde. Máàkì tí Rédíò gbà ga ju èyí tí wọ́n fi ń yege lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, wọ́n wá fi pupa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: A fagi lé èsì yìí. Ẹni kejì wà nínú yàrá, ó ń fi ìka ṣe àmì ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí àǹfààní láti tún un ṣe.

Rédíò kọ̀wé sí wọn. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì fi dé: "A dúpẹ́ pé o kàn sí wa. Ọ̀rọ̀ rẹ jẹ wá lógún." Ó tún kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló dé. Ó bú wọn, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọkọ ẹ̀ fi ní ì bá dára ká ní ó ti dákẹ́ lọ́jọ́ náà, tí Rédíò sì ń gbóná lé e lórí. Bàbá Dẹ́rẹ́bà bá wọn lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n pariwo gbogbo ẹ̀ sí i létí.

"Èmi?" ni Bàbá wí. "Èmi ni mo ń fún un ní ìdáhùn? Èmi tí mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí mi, ṣé ọdún tí wọ́n bí ọba ni mo fẹ́ mọ̀? Kíláàsì kan náà ni mo wà tí àbúrò mi yìí fi wá bá mi níbẹ̀!"

"Mo sì kọjá yín lọ," ni oníṣẹ́ iná wí.

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ìyàwó, gbé fóònù yẹn wá. Kí wọ́n bi mí. Bí mo bá gba ẹyọ kan, kí wọ́n kó gbogbo wa lọ sẹ́wọ̀n."

Ọkọ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Rédíò ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù dúró, ó fa àga fún Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, ó tẹ fídíò kó máa ká wọn sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin yunifásítì. Ẹ̀rọ yín ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tó, èèyàn ni mò ń wá. Ẹni kejì tẹ́ ẹ rí rèé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ẹ bi wọ́n ní ohunkóhun. Mi ò jíwèé wò, àgbà ni mo kí. Mo ka ìwé yín, mo sì yege. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ fún mi ní máàkì mi kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó sì jókòó síbì kan tó wo fídíò yẹn, tó ní àmì ni Bàbá ń ṣe, kó yọjú síta, kó wá dá mi lóhùn: ìbéèrè wo nínú ìdánwò yín ni 'ẹ ǹlẹ́ o' jẹ́ ìdáhùn ẹ̀?"